Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ọ́díìtì Medicaid ní New York

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì home care (ìtọ́jú aláìsàn nínú ilé rẹ̀) ní New York, pàápàá ẹ̀yin tí wọ́n fi sídìí bíìlì àti fáìlì, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó ṣe kókó jù. Owó tí Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, san fún ilé iṣẹ́ yín kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìjọba lọ́jọ́ tó wọ báńkì. Ìjọba ìpínlẹ̀ ṣì lè padà wá béèrè ìwé tó gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ìwé kò bá sí, owó á padà, ì báà jẹ́ pé aide, ìyẹn olùtọ́jú, lọ sílé aláìsàn lóòótọ́, tó wẹ̀ fún un, tó sì fún un lóúnjẹ.

OMIG (Office of the Medicaid Inspector General) ni wọ́n ń pe ọ́fíìsì tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìyẹn ọ́díìtì. Òfin ìpínlẹ̀ ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 2006. Inú 18 NYCRR, ìwé ìlànà ìpínlẹ̀ New York, ni ìlànà rẹ̀ wà. Part 504 sọ ìwé tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ní, 517 sọ bí ọ́díìtì ṣe ń lọ, 518 wà fún owó tí wọ́n á gbà padà, 519 sì wà fún ìgbẹ́jọ́. Ẹ fi ojú ara yín kà wọ́n, ẹ má fi mọ sórí ohun tí wọ́n bá sọ fún yín ní ọ́fíìsì.

Ọdún 6 ni ẹ gbọ́dọ̀ fi tọ́jú ìwé. Ọjọ́ tí ẹ ṣe ìtọ́jú tàbí ọjọ́ tí ẹ fi bíìlì ránṣẹ́, èyí tó bá gbẹ̀yìn ni OMIG fi ń ka ọdún 6 tirẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe da fáìlì nù kìkì nítorí pé ọdún ti yí. Bí lẹ́tà ọ́díìtì bá ti dé kí ọdún 6 tó pé, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé kankan títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi parí. Bí jìbìtì bá wọ̀ ọ́, gbèdéke ọdún 6 yẹn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ẹ tún wo àdéhùn tí ilé iṣẹ́ yín bá àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ìlera tọwọ́ bọ̀. Ó lè béèrè ju ọdún 6 lọ.

Timesheet, ìwé tí aide ń kọ wákàtí iṣẹ́ rẹ̀ sí, ni ọ́dítọ̀ kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíìlì rẹ̀. Bíìlì ní wákàtí 8. Timesheet ní aago 8 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán. Wákàtí 7 nìyẹn, owó wákàtí kan tó lé gbọ́dọ̀ padà. Ẹ wo ìbuwọ́lù, ẹ wo déètì. Ẹ wo iṣẹ́ tí aide fi àmì sí, bóyá ó bá èyí tó wà nínú ìwé ètò ìtọ́jú mu, àti bóyá ètò ìtọ́jú yẹn wà ní ìmúṣẹ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi wé EVV (Electronic Visit Verification), ìyẹn àkọsílẹ̀ orí fóònù tó ń gba iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ẹni tó ṣe é, ọjọ́, ibi, àti aago ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Kí bíìlì tó jáde ni ká ṣe ìfiwéra yìí.

Fáìlì aide fúnra rẹ̀ ló máa ń kó bá ọ̀pọ̀. Ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ rẹ̀, àyẹ̀wò ìlera ọdọọdún, àyẹ̀wò bóyá ó ti dá ọ̀ràn rí, àti wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́: 12 lọ́dún fún home health aide, 6 fún personal care aide. Bí ọ̀kan kò bá pé lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́, wọ́n lè yọ owó gbogbo ìbẹ̀wò ọjọ́ náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ò fura sí rèé. Ọ́dítọ̀ kì í wo gbogbo bíìlì. Wọ́n á ṣa díẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 100, ohun tí wọ́n bá sì rí níbẹ̀ ni wọ́n á fi díwọ̀n gbogbo tó kù. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò yìí: ká ní bíìlì 20,000 ni gbogbo rẹ̀, tí owó tí kò yẹ nínú 100 yẹn sì jẹ́ $1,500. $15 ló kan bíìlì kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 20,000, ó di $300,000. Tí timesheet kan bá sọnù, tí bíìlì rẹ̀ jẹ́ $90, $18,000 ló ń bá a lọ. Ẹ wá a dé inú àpótí tó wà lábẹ́ gbogbo àpótí. Òfin sì gbà pé ìṣirò yẹn tọ̀nà, àfi tí ẹ bá mú onímọ̀ ìṣirò wá já a, tàbí kí ẹ ṣe ìṣirò gbogbo bíìlì pátá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ìwé bá sọnù tán, ẹ má kọ òmíràn lónìí kí ẹ fi déètì àná sí i. Ìwé tí wọ́n kọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ ni òfin ń béèrè. Èyí tí ẹ bá dá sílẹ̀ lẹ́yìn náà yóò sọ ọ̀rọ̀ owó di ọ̀ràn ọ̀daràn. Ẹ kó EVV, ìwé nọ́ọ̀sì àti ìwé owó oṣù aide sílẹ̀, kí ẹ sọ òótọ́ pé timesheet kò sí.

Àbọ̀ àkọ́kọ́ tí OMIG bá fi ránṣẹ́ ni kí ẹ dúró tì jù lọ. Ọjọ́ 30 ni ẹ ní láti fèsì. Àwọn kan máa ń kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ olójú ewé kan, wọ́n á ní ìgbẹ́jọ́ làwọn ti máa ṣàlàyé. Àṣìṣe ńlá ni, torí pé Part 519 kò gbà kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ tuntun tí ẹ ò sọ nínú èsì yẹn kalẹ̀ níbi ìgbẹ́jọ́. Ẹ dáhùn bíìlì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ so ẹ̀rí mọ́ ọn. Lẹ́yìn àbọ̀ ìkẹyìn, ọjọ́ 60 ló kù láti béèrè ìgbẹ́jọ́. Wọ́n sábà máa ń kọ iye méjì síbẹ̀: èyí tó kéré, tí wọ́n á gbà bí ẹ bá fẹ́ yanjú rẹ̀, àti èyí tó pọ̀, tí wọ́n á dúró lé lórí bí ẹ bá lọ sí ìgbẹ́jọ́. Ẹ gbé méjèèjì wò pẹ̀lú lọ́yà.

Bí ẹ̀yin fúnra yín bá sì rí owó àsanlé kí ọ́dítọ̀ tó dé, ọjọ́ 60 lẹ́yìn tí ẹ mọ̀ ni ẹ ní láti fi tó OMIG létí, kí ẹ sì dá a padà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ rí i sílẹ̀, kí ẹ kọ iye rẹ̀ àti ohun tó fà á, kí ẹ fún ọ̀gá yín ní ẹ̀dà kan lọ́jọ́ náà gan-an.