Omi Wikki, Rédíétọ̀ Tó Ń Jò, àti Iyùn Inú Òkun

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi tó rọ̀: ẹni tó bá fẹ́ háyà mọ́tò láti Abuja lọ Yankari, igbó àwọn ẹranko ní Bauchi, kó ní kí dírẹ́bà ṣí búùtù kó tó san kọ́bọ̀. Tó bá bá kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́ta mẹ́rin níbẹ̀, kó yáa wá mọ́tò míì. Ohun tójú mi rí ni mò ń sọ.

Mo wálé fún ìsinmi, mo dé sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Kubwa, mo sì ti sọ fún wọn lórí fóònù pé mo máa dé Bauchi lọ wo omi gbígbóná Wikki tó wà nínú Yankari. Àǹtí mi ní omi gbígbóná báwo, ṣé kò sí kẹ́tùlù nílé ni? Kò yé wọn ni. Iṣẹ́ ìwádìí tí mò ń ṣe lẹ́yìn PhD, etí Òkun Pupa ní Saudi ni, lórí iyùn inú òkun (coral) àtàwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń bá a gbé, bí wọ́n ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ tí omi bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń ka dígíríì. Kí n wá gbọ́ pé omi kan wà nílẹ̀ wa níbí tó jẹ́ dígíríì 31 ti Celsius tọ̀sán-tòru, tòjò-tẹ̀ẹ̀rùn, kí n má sì tíì fẹsẹ̀ kàn án rí, ara mi ò lè gbà á.

Ọkọ àǹtí mi ló bá wa wá dírẹ́bà, ọmọ Yorùbá ni, ó ń búra pé mọ́tò òun ò ní wàhálà kankan. A san gbogbo owó ẹ̀ kó tó gbéra, owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó bàálù dé Èkó. Keffi, Akwanga, kò sí nǹkan kan, a jẹ màsà, àwọn ọmọ sùn. Ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ sí í gun Hawan Kibo lọ sókè Jos ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Òkè yẹn ga, kọ́nà lórí kọ́nà, tírélà ń fà níwájú, oòrùn ń ràn. Mo rí i látẹ̀yìn pé ìgbóná ẹ́ńjìnnì ti wọ ibi pupa, mo ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo iwájú yín, ó ní kò sí nǹkan, pé ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀! Kò pẹ́ rárá tí òórùn fi bẹ̀rẹ̀, ni ooru funfun bá tú jáde lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ni kálukú bá ń sáré bọ́ sílẹ̀.

Ló bá ṣí búùtù, ló bá ń kó kẹ́ẹ̀gì jáde, omi kún un dẹ́nu, Abuja ló ti gbé e wá. Ìgbà yẹn ni inú wá bí mi gidi. Ẹni tí rédíétọ̀ ẹ̀ ò jò, kí ló fẹ́ fi omi tó tó yẹn ṣe? Ó mọ̀ látilé, ó sì gbowó wa, ó sì kó ọmọdé gun òkè! Ó tún wá ní ká dá owó rédíétọ̀ náà, pé òkè yìí ló bà á jẹ́. Mo ní láéláé. Àǹtí mi tó máa ń bá gbogbo ayé bẹ̀bẹ̀ pàápàá ní rárá, wọn ò ní san án.

Ọlọ́kadà kan ló bá wa gbé mẹkáníìkì wá láti Riyom. Bàbá àgbàlagbà kan ni, Hausa ni wọ́n kọ́kọ́ fi kí wa, bí wọ́n ṣe gbọ́ tá à ń fi Yorùbá jà, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ibo lẹ ti ń bọ̀?" Àṣé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Jos ni wọ́n bí wọn sí, bàbá wọn ló wá ṣòwò síbẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ kùsà ń lọ dáadáa. Wọn ò jẹ́ kí dírẹ́bà fọwọ́ kan ìdérí rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì fi tutù. Ibi tá a ti ń dúró ni wọ́n ti bi mí pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe.

"Iyùn ni, Bàbá."

"O ń tà á ni?"

Mo ní rárá, èyí tó wà láàyè nínú òkun ni. Mo sọ fún wọn pé ẹranko ni iyùn, àwọn tíntìntín tó kóra jọ tí wọ́n ń kọ́lé lé ara wọn lórí títí á fi di òkìtì ńlá lábẹ́ omi tí oòrùn ń dé. Pé inú ara wọn ni algae kan, bí ewédò tíntìntín, ń gbé, òun ló ń fi oòrùn wá oúnjẹ fún wọn, òun náà ló fún wọn láwọ̀. Tí omi bá ti gbóná jù, iṣẹ́ algae yẹn á dojú rú, ohun tó ń tú jáde á máa ṣe iyùn ní jàǹbá, iyùn á bá lé e síta, á wá funfun báláú. Kò tíì kú nígbà yẹn o, ebi ló ń pa á, àmọ́ tí ooru ò bá tètè lọ, á kú náà ni.

"Ooru náà á pọ̀ tó báwo?"

Mo ní dígíríì kan péré lé sí bí omi ibẹ̀ ṣe máa ń gbóná tó lóṣù tó gbóná jù ti tó dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n ní irọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni, pé ọ̀sẹ̀ tó bá fi wà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń kà mọ́ ọn, pé àwọn NOAA, àjọ tó ń ṣọ́ òkun àti ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà, máa ń fi iye dígíríì tó lé sọ iye ọ̀sẹ̀ di púpọ̀: tó bá dé 4, iyùn á ti máa funfun, tó bá dé 8, á ti máa kú. Bàbá na ọwọ́ sí mọ́tò wa. "Èyí gan-an náà ni. Ẹ́ńjìnnì tó gbóná díẹ̀, tí wọn ò dúró fún, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lọ sókè bẹ́ẹ̀, òun ní í jó gásíkẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe pẹ́ tó ló ń pa á." Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fáwọn tó kàwé dáadáa tí kò sì yé wọn kíá báyìí. Bàbá jó ibi tó ń jò pa, owó tí wọ́n gbà ò wọ́n rárá, dírẹ́bà ló sì san án. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Bauchi la sùn sí, nínú ọtẹ́ẹ̀lì kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ̀rọ omi ò yọ, wọ́n pa jẹnẹrétọ̀ lóru, owó tá a san ò sì yí padà. Ẹ béèrè omi àti iná kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rín tàn yín.

Àmọ́ nígbà tá a wọ géètì Yankari ní Mainamaji lọ́jọ́ kejì, tá a rin igbó yẹn títí dé Wikki, gbogbo ìbínú yẹn kúrò lára mi. Ẹ di oúnjẹ yín mọ́wọ́ o, àwọn ọ̀bọ ńlá ibẹ̀, àwọn baboon, ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, wọ́n já búrẹ́dì gbà lọ́wọ́ ọmọ àǹtí mi ní ìṣẹ́jú akàn. Omi náà ń ti abẹ́ àpáta jáde, ó mọ́ gaara, yanrìn ló wà nísàlẹ̀, o lè ka ìka ẹsẹ̀ ẹ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Mo ti tẹ̀mómítà bọ̀ ọ́ lẹ́bàá orísun, mo dúró: 31. Mo lọ sísàlẹ̀ díẹ̀: 31 náà ni. Inú mi dùn débi pé mo pariwo, àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ yíjú wò mí.

Mo wà nínú omi yẹn dé àyà, ara ń tù mí, mo sì ń ro ó pé irú omi yìí láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan á pa iyùn tó wà ní gúúsù Great Barrier Reef ní Australia. Lọ́dọ̀ wa láàárín Òkun Pupa, 31 ò ṣe bàbàrà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú Persian Gulf, omi tó wà láàárín Iran àti Saudi, ó ń dé 35, iyùn ṣì wà níbẹ̀. Èyí tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni ti Aqaba lápá àríwá Òkun Pupa, omi wọn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ò ju bí 27 lọ, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi dígíríì márùn-ún kún un, ọ̀pọ̀ nínú wọn á fara dà á. Àlàyé tí wọ́n ṣe ni pé ẹnu òkun tó wà ní gúúsù, níbi tó gbóná gan-an, ni àwọn baba ńlá wọn gbà wọlé, èyí tí ò lè fara dà á ti kú sọ́nà.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí náà wà níbẹ̀, ìdí iṣẹ́ mi gan-an nìyẹn. Ní 2021, Ọ̀jọ̀gbọ́n Raquel Peixoto, ọmọ Brazil, àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣa bakitéríà tó ń ṣe iyùn lóore, wọ́n fi bọ́ iyùn Brazil kan nínú táǹkì, wọ́n wá mú kí omi gbóná. Àwọn tí wọ́n fún ní bakitéríà yè é ju àwọn tí wọn ò fún lọ, ìyàtọ̀ ẹ̀ tó 40%. Mo gba iṣẹ́ yẹn gbọ́ tọkàntọkàn, àmọ́ mi ò ní tan ẹnikẹ́ni, bakitéríà ò lè mú òkun tutù. Fífunfun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2023, tí wọ́n kéde ní April 2024 pé òun ni ìkẹrin tó kárí ayé, ti kan nǹkan bí 84% òkìtì iyùn ayé. Epo àti gáàsì tá à ń jó gbọ́dọ̀ dín kù, kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú kankan.

Kò sí iyùn ní Wikki, mo mọ̀. Àmọ́ ohun tíntìntín tó ń gbé nínú omi tí kì í tutù láéláé, ó yẹ kí àwa náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mo bi ọ̀gbẹ́ni tó mú wa yí ká bóyá ẹnì kan wà tó ń wọn omi yìí lójoojúmọ́, ó ní òun ò rí ẹnikẹ́ni rí. Mo bá fún un ní tẹ̀mómítà mi, mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kà á, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa níbẹ̀, ìgbà tó bá wọ Bauchi ló máa ń fi ránṣẹ́, ó sì ti fi ti àkọ́kọ́ ránṣẹ́ báyìí. Omi gbígbóná míì ṣì wà nínú Yankari, Gwan àti Dimmil, mi ò ráyè débẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bauchi, pàápàá ẹ̀yin ọmọ ATBU, yunifásítì Abubakar Tafawa Balewa, tẹ́ ẹ ń ka microbiology (ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí), ẹni tó bá lè bá mi dé Gwan kó kọ̀wé sí mi, mo máa fi tẹ̀mómítà ránṣẹ́ sí i.