Kí N Tó Tún Ọta Kì
Nínú gbogbo irinṣẹ́ tí mo fi ń tún ọta ìbọn kì nílé mi ní Texas, caliper, èyí tí a fi ń wọn gígùn nǹkan kíníkíní, ni mo kọ́kọ́ máa ń mú, nítorí pé bí a bá ṣe ń yin ọta léraléra ni èèpo idẹ rẹ̀ ń gùn sí i. Ti .308 Winchester, irú ọta ìbọn kan, kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 2.015 lọ, 2.005 ni èmi máa ń gé e sí. Mo máa ń nu ẹnu caliper náà, n ó sì pa á dé kí n lè rí i pé òdo ló fi hàn, torí ìdọ̀tí tín-ín-rín lè ba ìwọ̀n jẹ́. Òṣùwọ̀n ẹ̀tù tún gba sùúrù jù bẹ́ẹ̀ lọ: 7,000 grain, ìwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ẹ̀tù, ló wà nínú pọ́n-ùn kan, nítorí náà n kì í gbé e sí ibi tí fáànù ń fẹ́ sí.