Mo ti gbàgbé ohun tí Achenar sọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú tó tún bí mi: Myst, gémù tó jáde ní 1993 yẹn, ìtàn inú ẹ̀ dùn, àní ó dùn gan-an, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan wà nínú ẹ̀ tó kù díẹ̀ kí n la láptọ́ọ̀pù mi mọ́lẹ̀.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ní Amẹ́ríkà, Rand àti Robyn Miller, ló ṣe é. Wàá kàn bá ara ẹ ní erékùṣù kan, kò séèyàn níbẹ̀. Ìwé méjì wà nínú ilé ìkàwé ibẹ̀, Sirrus há sínú èyí tó pupa, Achenar há sínú búlúù, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, kálukú dẹ̀ ń sọ pé ìkejì òun lèèyàn burúkú. Ohùn wọn ń ṣe ṣááá bíi rédíò tí ò mú stéṣọ̀n dáadáa, àfi kó o lọ máa wá àwọn ojú ìwé tó ya wá fún wọn, bó o bá ṣe ń kó o wá ni ọ̀rọ̀ wọn á máa yéni. Ọgbọ́n gidi nìyẹn jàre, torí ìwọ lo máa dájọ́.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojú ìwé kan ṣoṣo lo lè mú dání. Ayé mẹ́rin ló wà, pupa kan búlúù kan nínú ìkọ̀ọ̀kan, tó o bá fẹ́ gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, ẹ̀ẹ̀mejì lo máa lọ sí gbogbo ẹ̀. Ó ṣì dáa o, àfi ìgbà tó o bá dé èyí tí wọ́n ń pè ní Selenitic nínú wọn.

Kó o tó débẹ̀ rárá, wàá tẹ ohùn márùn-ún lórí dùùrù kan, wàá wá rìn lọ síwájú lọ fa ọ̀pá márùn-ún títí ohùn wọn á fi bá ti dùùrù mu. Etí lásán lo máa fi mọ̀ ọ́n. Mo ní àwa tá à ń fi do-re-mi sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣebí wẹ́rẹ́ ni. Irọ́ ni o, mo lọ mo bọ̀ títí ẹsẹ̀ ń dun èmi tí mo jókòó.

Tó o bá wá fẹ́ jáde, ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan lo máa wọ̀, ihò lọ́tùn-ún, ihò lósì, gbogbo ẹ̀ jọra. Ohùn kékeré kan ń dún ní oríta, òun ló ń júwe ọ̀nà, ṣùgbọ́n ayé tí wọ́n ń pè ní Mechanical ni wọ́n ti ń kọ́ ẹ ní ìtumọ̀ ohùn yẹn, gémù yìí kan náà ló dẹ̀ ní kó o kọ́kọ́ lọ síbi tó bá wù ẹ́. Ẹ gbà mí! Selenitic lèmi kọ́kọ́ lọ.

Àbúrò mi yọjú lálẹ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì kúrò nínú ihò yẹn?"

"Dákẹ́ jàre, lọ bá mi mú bírò wá."

Kì í ṣe pé ó le ló ń bí mi nínú o. Channelwood, ayé míì nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, náà ò rọrùn, omi lo máa darí gba inú páìpù lórí àwọn pátákó tí wọ́n tò sáàárín igi, wàá máa gbọ́ bó ṣe ń ṣàn lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹ, ibi tó bá dé ni ẹ̀rọ tó ń gbéni lọ sókè á ti ṣiṣẹ́, òkè yẹn lo dẹ̀ ti máa bá yàrá àwọn méjèèjì. Inú yàrá wọn gan-an ni ìtàn wà. Ní Mechanical, Sirrus kó ìṣúra àti wáìnì pamọ́, irinṣẹ́ ìdánilóró ló wà níbi ti Achenar, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ kan, o ti mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Ihò Selenitic ò mọ Sirrus ò mọ Achenar, ihò ṣá ni, o dẹ̀ máa gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́ẹ̀kejì yẹn, YouTube ni mo wò. Àbúrò mi ń pè é, èmi ń tẹ̀ ẹ́: àríwá, ìwọ̀ oòrùn, àríwá. Mo jáde, mo fi ojú ìwé síbẹ̀, ọkùnrin yẹn ń sọ̀rọ̀, mo dẹ̀ ń ronú nípa oríta. Nígbà tó wá di pé kí n yan ẹni tí màá tú sílẹ̀, mi ò rántí ẹni tó sọ kí ni mọ́. Mo fún Sirrus ní ojú ìwé tó kẹ́yìn torí pé tiẹ̀ ni ọwọ́ mi kọ́kọ́ bà. Ó jáde, ó tì mí mọ́nú ìwé náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya á.