Òfin Ń Sọ Faransé, Irọ́ Ń Sọ Yorùbá

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń di ẹrù lọ́wọ́ nínú ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nítorí pé ìdájí ọjọ́ Ajé ni ó fẹ́ gbéra lọ ra aṣọ ní Kútọ̀nú, nígbà tí ohùn kan wọlé sórí WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ Ọjà Jagun. Ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ń sọ Yorùbá tó dán mọ́rán, ó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé. Ó ní àwọn ṣójà ti gbàjọba ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, èyí tí kò jìnnà sí òótọ́ ní wákàtí náà. Lẹ́yìn èyí ni ó wá fi kún un pé wọ́n ń já ẹrù gbà lọ́wọ́ gbogbo Yorùbá tí wọ́n bá rí ní ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀, àti pé wọ́n ti pa mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lé àpò rẹ̀ lórí. Ó gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mẹrin, ó wá ní, "Tíṣà, ìwọ tí o gbọ́ Faransé, kí ni àwọn gan-an ń sọ níbẹ̀?"

Èdè Faransé ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama níhìn-ín, nítorí náà èmi ni wọ́n máa ń pè bí ọ̀rọ̀ bá ti òdìkejì ẹnubodè wá. Mo tan rédíò, mo sì ka ohun tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ gbé jáde. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ ogun kan jókòó sórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba láàárọ̀ ọjọ́ náà tí wọ́n kéde pé àwọn ti yọ Ààrẹ Patrice Talon nípò. Òótọ́ ni pé ìdìtẹ̀ náà forí ṣánpọ́n kí ilẹ̀ tó ṣú, pé ọkọ̀ òfuurufú ogun Nàìjíríà lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ nítorí pé Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀ wá, pé Talon fúnra rẹ̀ sì bá ará ìlú sọ̀rọ̀ nírọ̀lẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo kà, kò síbi tí wọ́n ti mẹ́nu kan pípa Yorùbá ní Sẹ̀mẹ̀. Ṣùgbọ́n Faransé ni gbogbo àlàyé ìjọba wọ̀nyẹn, Yorùbá sì ni irọ́ náà. Kí n tó túmọ̀ ìpínrọ̀ kejì fún ẹ̀gbọ́n mi, ohùn ọkùnrin yẹn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀, ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ìjọ, ó sì ti dé etí àwọn ẹbí wa tó wà ní Parakou, ní Bẹ̀nẹ̀ lọ́hùn-ún.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn wo iṣẹ́ àwọn aṣòfin ilẹ̀ tí ń sọ Faransé, èyí tí mo ti ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí iṣẹ́ mi. Wọ́n ní àpéjọ kan tí wọ́n ń pè ní Assemblée parlementaire de la Francophonie, tí ìkékúrú orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ APF. Luxembourg ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Léopold Sédar Senghor, tó jẹ́ Ààrẹ Senegal nígbà náà, sì wà lára àwọn tó ti ọ̀rọ̀ náà síwájú. Ó di ọjọ́ 20 oṣù Kẹta ọdún 1970 kí àwọn ìjọba fúnra wọn tó dá àjọ tiwọn sílẹ̀ ní Niamey, olú ìlú Niger, nítorí náà àwọn aṣòfin ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Láti Kánádà títí dé Cambodia, láti Bẹ̀nẹ̀ títí dé Moldova, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń wá. Wọn kò ní ọmọ ogun, ìpinnu wọn kò sì de ẹnikẹ́ni gẹ́gẹ́ bí òfin. Ohun tó wà níkàáwọ́ wọn ni pé kí aṣòfin kan sọ ohun tí ojú ìlú òun rí fún ẹlòmíràn, kí oníkálukú sì gbé àbá òfin padà sílé. Ẹ má fojú kékeré wò ó, nítorí pé nínú ogun tí wọ́n ń fi irọ́ àti owó jà láìkéde rẹ̀, bíi ti ohùn orí WhatsApp yẹn, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ kọlù ló mọ bí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé ṣe rí.

Ogun náà fúnra rẹ̀ nílò orúkọ. Àwọn kan ń pè é ní ogun abẹ́lẹ̀. Èmi ń pè é ní ogun àdàlù, nítorí pé bí ẹ̀wà àti àgbàdo ṣe ń jinná pọ̀ nínú ìkòkò kan náà ni ibọn, owó, irọ́, gáàsì àti kọ̀ǹpútà ṣe wà pọ̀ nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ ṣa ọ̀kan jáde yóò kó èkejì mọ́ ọn. Ẹni tó ń jà á kì í kéde pé òun ń jagun. Ó lè ra ìbò ní ọ̀sẹ̀ yìí, kó ti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn pa ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó sì wá bá ẹ kẹ́dùn lọ́jọ́ kẹta. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ ibẹ̀: aáwọ̀ tó ti wà nílẹ̀ láàárín ará ìlú ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń wá.

Moldova ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ó sì máa ń yà wọ́n lẹ́nu pé orílẹ̀-èdè kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ukraine ń bá àwọn elédè Faransé jókòó. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, wọ́n dìbò níbẹ̀ lórí bóyá kí wọ́n kọ wíwọ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù sínú ìwé òfin ìpìlẹ̀ wọn. Ìdá 50.35 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ wo bí àlà tó wà láàárín ti tín-ín-rín tó. Ọlọ́pàá wọn sọ pé owó tó ti Rọ́ṣíà wá, nípasẹ̀ Ilan Shor, olówó kan tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi lórí owó báńkì tó sì ti sá kúrò nílùú, ti wọ àpò olùdìbò tó lé ní 130,000. Rọ́ṣíà ní irọ́ ni. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, gáàsì Rọ́ṣíà dẹ́kun ṣíṣàn sí Transnistria, ìyẹn apá ilẹ̀ Moldova tó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, òtútù sì wọlé bá àwọn ènìyàn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ní Ròmáníà tí wọ́n jọ pààlà, ilé ẹjọ́ òfin ìpìlẹ̀ wọ́gi lé ìpele àkọ́kọ́ ìdìbò ààrẹ ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 2024, lẹ́yìn tí wọ́n gbé ìwé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ jáde lórí bí wọ́n ṣe fi ẹ̀rú gbé ọ̀kan nínú àwọn olùdíje lárugẹ lórí TikTok. Nínú gbogbo èyí, a kò gbọ́ ìró ìbọn kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n Àbíjàn ní Côte d'Ivoire ni ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu ọ̀nà wa. Bàbá wa ṣòwò ní àdúgbò Adjamé níbẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá, Ànàgó ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀ bí wọ́n ti ń pe Yorùbá gbogbo, owó Àbíjàn ni wọ́n sì fi kọ́ ilé tí à ń gbé títí di òní. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, fídíò kan tàn ká ìlú náà, tí àwọn tó ń pín in ní ọmọ Côte d'Ivoire ni wọ́n ń fìyà jẹ nínú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Niger. Àwọn ọ̀dọ́ bọ́ sígboro, wọ́n kọlu àwọn ọmọ Niger, wọ́n kó ọjà wọn, ẹ̀mí sì bọ́ níbẹ̀. Fídíò tí wọ́n torí rẹ̀ pa ènìyàn yìí, Nàìjíríà ni wọ́n ti ya á, kò kan Niger rárá. Ẹ ka lẹ́tà tó wà láàárín orúkọ méjèèjì bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́, kí ẹ rí bó ṣe kù díẹ̀ kó jẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n máa kó. Kò pọn dandan kí ìjọba kan wà nídìí irú fídíò bẹ́ẹ̀ kó tó pani. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ba ìlú jẹ́ ti rí i pé ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, irọ́ tún gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kan pé wọ́n ti fipá gbàjọba ní Àbíjàn, nígbà tí ìlú tòrò minimini. Àwọn àgbà wa tó padà wálé láti Gánà lọ́dún 1969, nígbà tí ìjọba Busia fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílùú, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún wọn ohun tí ọ̀rọ̀ ẹnu lè dà lọ́jọ́ tí ojú àwọn onílé bá yí padà.

Mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti bá àwọn aṣòfin náà rò. Bí wọ́n bá ń kó ẹ̀rí jọ lórí ogun àdàlù yìí, kí wọ́n má fi ti ẹnì kan sílẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, lẹ́yìn tí ọmọ ogun Faransé kúrò ní bárékè Gossi ní Málì, wọ́n gbé fídíò tí dúróònù yà jáde, wọ́n ní àwọn ọmọ ogun àfowórà Wagner láti Rọ́ṣíà ló ń bo òkú mọ́lẹ̀ nítòsí ibẹ̀ kí wọ́n lè dá Faransé lẹ́bi. Èmi gba ẹ̀rí yẹn gbọ́. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Facebook pa àwọn ojúewé ayédèrú kan rẹ́ tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí ọ̀rọ̀ Central African Republic àti Málì. Apá kan ti Rọ́ṣíà wá; ní ti apá kejì, Facebook ní ó tan mọ́ àwọn ènìyàn tó ní àjọṣe pẹ̀lú iṣẹ́ ológun Faransé. Bí ẹni tó ní ọ́fíìsì ní Paris bá fo orí ìwé yìí dá, ta ni ọ̀dọ́ Bamako tó máa gbà á gbọ́?

Àwọn tí wọ́n sì yẹ kó jókòó sídìí tábìlì náà ti dìde. Málì, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní ọjọ́ 29 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025, nígbà tó sì di oṣù Kẹta wọ́n kéde pé àwọn kò ṣe àjọ elédè Faransé mọ́, bẹ́ẹ̀ Niamey ni wọ́n sin ìwọ́ àjọ náà sí. Àwọn aṣòfin tiwa kò sí nínú APF. Ilé ìgbìmọ̀ ECOWAS ní Àbújá ni wọ́n ti ń pàdé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Côte d'Ivoire.

Ẹ̀rù kan tún ń bà mí, mi ò ní fà á gùn. Òfin tí wọ́n ṣe nítorí ẹkùn, ewúrẹ́ ló sábà máa ń mú. Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2018. Kí ọdún 2019 tó parí, akọ̀ròyìn kan ti wọ ẹ̀wọ̀n nítorí pé ó fi ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò ìjọba sọ ní gbangba sórí Twitter. Àwa náà ní Nàìjíríà ní òfin ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ọdún 2015 tiwa, a ṣì ń tún un ṣe ní ọdún 2024.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni èdè. Àjàṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Bẹ̀nẹ̀ wà. Àwọn aṣojú Kétu, Pọ̀bẹ̀, Ṣakété àti Sábẹ̀ẹ́ ń wọ ibẹ̀, wọ́n á sọ Faransé títí di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á wá padà sáàárín àwọn tó ń fi Yorùbá jà, tí wọ́n ń fi Yorùbá sọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, bí ọ̀kan nínú wọn bá gbé fóònù fún ìṣẹ́jú méjì, tó fi Yorùbá sọ orúkọ rẹ̀, ibi tó wà, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ohùn rẹ̀ ì bá ti dé Ọjà Jagun kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Owó tí ètò bẹ́ẹ̀ máa ná wọn kò tó owó tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú aṣòfin kan lọ sí ìpàdé. Ohun tí mo fẹ́ kí APF mú lọ sílé ni pé kí ilé ìgbìmọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tó lè sọ èdè ẹnubodè wọn, ìbáà ṣe Hausa, Dendi, Bariba, Jula tàbí Yorùbá, kí nọ́ńbà wọn sì wà lọ́wọ́ àwọn aṣòfin tí wọ́n jọ pààlà, títí kan àwọn tí kò gbọ́ Faransé rárá, irú àwọn tiwa ní Àbújá.

Ẹ̀gbọ́n mi kò lọ lọ́jọ́ Ajé náà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló tó lọ, àwọn aṣọ tó fẹ́ rà fún Kérésì sì ti tán lọ́wọ́ àwọn tó máa ń tà á fún un. Ohùn ọkùnrin yẹn ṣì wà lórí fóònù rẹ̀. Mo ní kó pa á rẹ́, ó ní rárá, ó ní ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun máa wọ mọ́tò tàbí kí òun na ọjà níbì kan, tí òun á gbọ́ ohùn yẹn lẹ́nu ẹni tó ni ín.