Àìgbọràn tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù, mo ti ń wò yín. Dókítà á pàṣẹ, ẹ ó rí i pé kò tọ́, ẹ ó wo ara yín lójú, ẹ ó sì ṣe é. Ọdún yìí ni mo ń fẹ̀yìn tì, mi ò sì fẹ́ lọ láìsọ ọ̀rọ̀ yìí.

Àkọ́kọ́, bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe ohun tí wọ́n pa láṣẹ, ẹ sọ ọ́ jáde, kí ẹ sọ ìdí rẹ̀. Ẹ má kàn yẹra.

Èkejì, ẹ kọ ọ́ sínú fáìlì aláìsàn: aago, ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe, ohun tí ẹ rí.

Ẹ̀kẹta, bí ẹnì kan bá kọ̀ láti ṣe ohun tí kò tọ́, ẹ má jẹ́ kó dá nìkan dúró. Èyí ló ń dùn mí jù.

Aboyún kan ni, gìrì ti mú un kí wọ́n tó gbé e dé. Ó bímọ, a sì ń gún un ní magnesium sulphate, oògùn tó ń dènà gìrì, ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ mọ̀ pé a kì í gún èyí tó kàn bí mímí kò bá tó 16 ní ìṣẹ́jú kan, bí orúnkún kò bá ta nígbà tí a lù ú, tàbí bí ìtọ̀ kò bá tó 30 mílílítà ní wákàtí kan. Inú ìtọ̀ ni oògùn yẹn ń bá jáde. Bí kíndìnrín bá dáṣẹ́ sílẹ̀, yóò máa pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi dá èémí dúró. Àpò ìtọ̀ obìnrin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Orúnkún rẹ̀ ò ta mọ́. Mo sọ fún dókítà pé mi ò ní gún un.

Ó ní, "Sista, ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, sà. Ṣùgbọ́n mi ò ní gún un."

Mo lọ fi fóònù pe kọnsọ́tántì, ọ̀gá àwọn dókítà. Kí n tó padà dé, dókítà yẹn ti na abẹ́rẹ́ náà sí nọ́ọ̀sì kékeré kan, ìyẹn sì ti gún un. Àwọn nọ́ọ̀sì míì dúró níbẹ̀, ẹnì kankan ò lanu. Nígbà tó yá, èémí obìnrin náà dáwọ́ dúró. A fún un ní calcium gluconate, oògùn tó ń pa agbára magnesium, a ń fi báàgì fún un ní atẹ́gùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó kú. Ìyá rẹ̀ ló gbé ọmọ náà lọ sílé.

Èmi ni wọ́n fún ní kúẹ́rì, pé mo ṣàìgbọràn sí ọ̀gá. Inú ṣì ń bí mi. Ohun tí mo kọ sínú fáìlì lóru yẹn nìkan ló gbà mí sílẹ̀. Ọmọ tó gún abẹ́rẹ́ náà kì í ṣe èèyàn burúkú o. Wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ kì í bá àgbà jiyàn, ó sì gbé e wá sẹ́nu iṣẹ́.

Ní oṣù keje ọdún 2014, àwọn aláṣẹ Làìbéríà fúngun mọ́ Dókítà Ameyo Stella Adadevoh l'Ékòó pé kó jẹ́ kí Patrick Sawyer, aláìsàn ará Làìbéríà tí àrùn Ebola mú, máa lọ sí ìpàdé ní Calabar. Ó kọ̀, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sì dúró tì í. Èèyàn 20 ni Ebola mú ní Nàìjíríà, 8 kú. Dókítà náà kú, àti nọ́ọ̀sì nínú àwọn tó tọ́jú ọkùnrin náà. Ká ní wọ́n ti jẹ́ kó wọkọ̀ òfuurufú ni ńkọ́?

Nítorí náà, bí Sista kan bá ní òun ò gún abẹ́rẹ́ kan, tí dókítà wá nà án sí ọ, bi í léèrè ohun tó rí kí o tó gbà á.