Alùpùpù Bàbá Mi

Ní ọ̀sán àná, ní ìsọ̀ mẹkáníìkì kan ní Òkè-Fìà, Òṣogbo, a tú ẹ́ńjìnì alùpùpù Honda CG125 tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi. Èédú ọ́ìlì ti dì mọ́ orí písítìn, ríìnì, òrùka tó yí písítìn ká, sì ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ́ńjìnì fi ń mu ọ́ìlì. Mo fẹ́ràn irú ẹ́ńjìnì yìí, èyí tí Honda gbé jáde ní 1976, nítorí pé ọ̀pá ni ó ń ṣí fáàfù rẹ̀, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ àti èéfín ń gbà, kò sí ṣéènì nínú ẹ́ńjìnì náà tí yóò máa dẹ̀. A pààrọ̀ ríìnì, Ọ̀gá mẹkáníìkì sì fi àlàfo mìlímítà 0.08 sílẹ̀ fún fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì tutù. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ta á wò.” Mo fi ẹsẹ̀ ta á, ó sì dáhùn, láìrú èéfín. Ó ku kabúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́.