Adìẹ Bà Lókùn: ijó kékeré tí mò ń tò lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù

Ọ̀sẹ̀ kìíní, Àtàláátà

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, ní Tanke, nílùú Ìlọrin. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, orí àpótí ni mo wà, ọrùn tẹ̀, ojú ń lé abẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Àbúrò mi obìnrin, tó ń kọ́ eré ìtàgé ní Yunifásítì Ìlọrin, ló ní kí n wá máa bá òun jó. Mo ní ijó wo? Ó ní kì í ṣe èyí tí wọ́n ń náwó sí. Ó ní ijó òde òní ni, tí èèyàn lè fi odindi ìṣẹ́jú kan gbé apá kan ṣoṣo sókè, láìsí ìlù, láìsí ẹni tó máa lẹ owó mọ́ni níwájú. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní kí n fẹsẹ̀ kan dúró lẹ́yìn ilé, ó ń fi fóònù ka àkókò. Ẹsẹ̀ òsì: ìṣẹ́jú àáyá 38. Ẹsẹ̀ ọ̀tún: 11. Ó yà mí lẹ́nu, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ti ń tẹ máṣíìnì láti ọdún 16 sẹ́yìn, òun ni mo rò pé ó lágbára jù. Àṣé òsì ló ń dúró lórí ilẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn. Ọ̀tún kàn ń tẹ̀, ó ń tú sílẹ̀, bí ọmọ tí wọn ò di ẹrù lé lórí rí.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí: ijó kan, kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ, èmi ni n ó tò ó, ó gbọdọ̀ délẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjìlá. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà sá.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Aṣọ ẹbí méjìlélógún. Mo fi ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan dúró nígbà tí mo ń lọ aṣọ. Kò sí nǹkan míì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, àárọ̀ Alàádì

Mo ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé nígbà tí adìẹ Àlhájà, onílé wa, fò sórí okùn. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. N kò fi ojú mi wò ó rí. Okùn lọ síwájú, adìẹ fì sẹ́yìn. Okùn padà, ìrù adìẹ lọ sókè, ó wálẹ̀, bí ẹni ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ná. Apá kan ṣí díẹ̀, ó padé. Èékánná di okùn mú pinpin. Ṣùgbọ́n orí! Orí adìẹ yẹn kò kúrò níbi tó wà. Ara ń lọ, ara ń bọ̀, orí dúró sójú kan bí ẹni pé wọ́n kàn án mọ́ afẹ́fẹ́. Mo gbàgbé aṣọ sínú báàfù. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó fò wálẹ̀, kó tó lọ ló yàgbẹ́ sára ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà kan. (Mo tún un fọ̀. Oníbàárà ò mọ̀, ẹ má sọ.)

Ọgbọ́n ẹyẹ ni: ọrùn ló máa ń gba gbogbo ìmì ara, kí ojú lè ríran dáadáa. Ẹ gbé adìẹ lọ́wọ́, kí ẹ rọra máa gbé ara rẹ̀ lọ sọ́tùn-ún sósì, ẹ ó rí i pé orí kò ní tètè tẹ̀ lé e. Mo ti dán an wò. Àlhájà bi mí pé ṣé mo fẹ́ ra adìẹ ni.

Ijó náà ti lórúkọ nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin, Àlàrùbá

Ó ti lé ní aago mẹ́jọ alẹ́. Mo wà lórí ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ tí mo fi ń yangàn, mo ti ka á dé ogójì, wọ́n bá mú iná lọ. Mo ṣubú lu dúrọ́ọ̀mù omi. Ìró rẹ̀ jí ọmọ aládùúgbò.

Nígbà tí mo jókòó sílẹ̀ nínú òkùnkùn ló yé mi: ojú ni mo fi ń dúró láti ọjọ́ yìí. Àbúrò mi ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Nǹkan mẹ́ta ló ń sọ fún ọpọlọ ibi tí ara wà. Àkọ́kọ́ ni ojú. Èkejì wà nínú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ọ̀nà mẹ́ta tó tẹ̀ bí òrùka ti kún fún omi. Bí orí bá yí, omi á sún, ọpọlọ á gbọ́. Ẹ̀kẹta ni iṣan, oríkèé àti àtẹ́lẹsẹ̀, tó ń ròyìn ibi tí ilẹ̀ ti le àti ibi tí ẹrù ara fì sí. Ìdí tí òòyì fi ń kọ́ni nìyẹn nígbà tá a wà lọ́mọdé tá a ń pòyì nínú àgbàlá: a ti dúró, omi etí ò tíì dúró. Bí iná bá lọ, ojú ti jáde nínú iṣẹ́, ó ku àwọn méjì. Tèmi méjèèjì yẹn ti di ọ̀lẹ, torí ojú télọ̀ ló ń ṣe gbogbo nǹkan.

Mo di ojú, mo tún un kà. Òsì 6, ọ̀tún 3. Ìyà ni.

Láti òní lọ, bí wọ́n bá ti mú iná, ó di àkókò ìdánrawò. Ní àdúgbò wa, ìyẹn túmọ̀ sí pé n ó máa jó púpọ̀.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Steve Paxton, tó kú ní 2024. Òun ló bẹ̀rẹ̀ ijó kan ní 1972 tí ẹni méjì ń fi ara ti ara wọn, tí wọ́n ń gba ẹrù ara wọn, tí wọ́n jọ ń ṣubú, tí wọ́n jọ ń dìde. Ó ti kọ́ aikido, ìjà àwọn ará Japan, èyí tó ń kọ́ni bí a ṣe ń ṣubú láìfarapa. Ó ní ìdánrawò kan tó ń pè ní ijó kékeré. Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Wọ́n dúró. Ó tán.

Mo rò pé yẹ̀yẹ́ ni. Mo dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ojú pa dé. Ní ìṣẹ́jú kejì mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ara mi. Ẹrù ara bọ́ sí gìgísẹ̀, àwọn ọmọ-ìka ẹsẹ̀ há ilẹ̀ mọ́ra, ó padà síwájú. Ọrùn-ẹsẹ̀ fì sí òsì, ìbàdí lọ bá a. Mo mí sínú, gbogbo rẹ̀ tún yí padà. N kò ṣe ìkankan nínú rẹ̀ fúnra mi, wọ́n ń ṣe é láìbi mí. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni mo ti ń bá ìmì yìí jà, tí mò ń gan ẹsẹ̀, tí mò ń fún eyín pọ̀ kí ó lè dákẹ́. Bí ó bá dákẹ́ ní tòótọ́, mo ti ṣubú nìyẹn. Okùn ló ń mì yẹn, adìẹ ló ń fi ìrù dá a lóhùn.

Àwọn fídíò tí mo ń wò tẹ́lẹ̀ máa ń ní kí èèyàn dúró bí òkúta. Mo ti lọ sí Ẹ̀síẹ̀ rí, mo ti rí àwọn ère òkúta tó lé ní ẹgbẹ̀rún nínú mùsíọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí ní 1945. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, orí àpótí ni wọ́n jókòó sí. Òkúta gan-an mọ̀wọ̀n ara rẹ̀.

Àlhájà jáde wá bá mi ní ìdúró yẹn.

“Télọ̀, ṣé kò sí?”

“Kò sí nǹkan mà. Ijó ni mò ń jó.”

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. “Ó dáa. Tó o bá jó o tán, bá mi pa ẹ̀rọ omi, táǹkì ti kún.”

Ọ̀sẹ̀ keje

Àṣìṣe èmi fúnra mi ni. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, símẹ́ńtì ṣì tutù, mo wọ sálúbàtà lọ yí po lórí rẹ̀. Ọrùn-ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ́. Mo fi píọ̀ wọ́tà tó dì lé e, mo nà án sórí àpótí, mo ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ máṣíìnì. Gbogbo ojú rírán ló wọ́. Mo tú ìgbérí ṣòkòtò kan lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀sẹ̀ kẹjọ

N kò lè dúró, nítorí náà ẹ̀yìn ni mo mú. Àbúrò mi fi fídíò Germaine Acogny, obìnrin oníjó kan, hàn mí. Benin ni wọ́n ti bí i, ní 1944. Òun ló dá École des Sables, ilé ẹ̀kọ́ ijó, sílẹ̀ ní Toubab Dialaw, ní Sẹ̀nẹ̀gà. Abọ̀rìṣà ọmọ Yorùbá ni ìyá àgbà rẹ̀, ó sì máa ń sọ pé ara ìyá náà ni ijó òun ti wá. Nínú ìlànà tirẹ̀, àyà ni oòrùn, ìdí ni òṣùpá, ọ̀pá ẹ̀yìn ni ejò. Mo jókòó sórí àpótí iṣẹ́, mo jẹ́ kí ejò náà gbéra láti ìdí, ó gun òkè, eegun kan lẹ́yìn èkejì, títí ó fi dé ọrùn. Àárín ẹ̀yìn mi kò gbọ́ èdè. Ibẹ̀ gan dì bí pákó. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fi aṣọ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀kan nínú wọn ti ń ṣe é ní kọ̀rọ̀, ó sì mọ̀ ọ́n jù mí lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án

Obìnrin Fúlàní kan máa ń kiri wàrà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá. Ọdún mélòó ni mo ti ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, òní ni mo tó wò ó. Igbá wà lórí, ọwọ́ méjèèjì wà nísàlẹ̀. Mo pè é láti ẹ̀yìn. Kò bojú wẹ̀yìn bí tiwa. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yí, ìbàdí tẹ̀ lé e, àyà tẹ̀ lé e, orí ló dé kẹ́yìn, igbá kò sì mọ̀ pé wọ́n ti yí òun padà. Nígbà tó fẹ́ sọ̀ ọ́, kò tẹ̀ba. Orúnkún ló fi lọ sílẹ̀, ẹ̀yìn nà tọ́ títí ó fi dé ìkúnlẹ̀. Orí adìẹ ni!

Mo wé òṣùká láti ara ègé àńkárá, mo gbé e lérí láìsí ẹrù kankan lórí rẹ̀. Ó ṣòro ju ẹrù lọ. Igbá máa ń wúwo mọ́ni lórí, èèyàn á mọ ibi tó wà. Òṣùká lásán, ó ti bọ́ kó o tó fura. Mo ti ń gbọ́ pé ìfura loògùn àgbà, mo rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀tá ni wọ́n ń sọ. Mo ń fi ọ̀rọ̀ náà bá àtẹ́lẹsẹ̀ mi wí báyìí.

Ní Sátidé, èmi àti àbúrò mi fẹ̀yìn ti ẹ̀yìn. Ọmọ Ọ̀ffà ni ìyá wa, ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, a ò kúkú ní sá fún ara títì. Arákùnrin ìyá wa ló kọ́ wa ní kékeré pé ká má wo ojú ẹni tá a ń bá jà, ìbàdí ni ká máa wò, torí ojú máa ń purọ́. Ó wúlò gan-an níbí. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni pé, nínú ìjàkadì, tí ẹnì kejì bá fì, wàá ràn án lọ́wọ́ kó lè délẹ̀. Nínú ijó yìí, tó bá fì, ìwọ ni ògiri. Ó gbà mí lásìkò kí n tó gbàgbé ti Ọ̀ffà. Mo dá ọmọ ọlọ́mọ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

“Àǹtí mi, ẹ ò tíì borí o, ijó là ń jó!”

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá

Bí ijó náà ṣe rí báyìí. Mo wọlé pẹ̀lú òṣùká lórí, mo dúró, ijó kékeré, ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ejò gbéra nínú ẹ̀yìn, òṣùká kò gbọdọ̀ mọ̀. Mo yí bí oníwàrà ṣe yí, ẹ̀ẹ̀mẹrin, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àgbàlá. Mo bọ́ sórí ẹsẹ̀ ọ̀tún, mo di ojú. Àbúrò mi wọlé, ó fẹ̀yìn tì mí, a jọ lọ sílẹ̀ títí dé ìjókòó, a jọ dìde. Ó jáde, ó kù mí nìkan.

Ìparí ni n kò tíì rí. Mo ti gbìyànjú kí n sọ òṣùká kalẹ̀, ó dà bí eré ilé ìwé. Mo ti gbìyànjú kí n rìn jáde, ó dà bí ẹni tó gbàgbé iná lórí sítóòfù.

Ìṣirò: òsì 52, ojú dídì 15. Ọ̀tún 41, ojú dídì 12.

Ọ̀sẹ̀ kejìlá, ìrọ̀lẹ́ Alàádì

A ti ṣe é. Àwọn olùwòran: ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta, Àlhájà, àwọn ọmọ rẹ̀ àgbà méjì, ọmọ aládùúgbò tí mo jí lọ́jọ́sí, àti adìẹ. Mo ti kó aṣọ kúrò lórí okùn.

Ìdúró àkọ́kọ́ gùn jù fún wọn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, “Ṣé ó ti bẹ̀rẹ̀ ni?” Nígbà tí mo dé orí yíyí, wọ́n ti dákẹ́. Orí ẹsẹ̀ ọ̀tún, ojú dídì, mo gbọ́ ọrùn-ẹsẹ̀ tó ń mì, mo jẹ́ kó máa mì. Àbúrò mi jáde bó ṣe yẹ. Ó ku èmi nìkan, mo tún gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò nílẹ̀, èyí tí kò sí nínú ètò, n kò mọ ohun tó gbé mi dé ibẹ̀. Mo fì. Òṣùká bọ́. Mo nawọ́ gbé e, mo tẹ̀ lé e lọ sílẹ̀, èjìká ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀, mo yí gbirigbiri, mo wá bá ara mi níbi tí mo jókòó sí tí òṣùká wà lórí itan mi.

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀.

Àlhájà ló fọhùn. “Ṣé ibẹ̀ ló parí sí ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà,” mo dáhùn.

“Ibẹ̀ yẹn ló dùn jù.”

Lóru ni mo rò ó pé kí n fi ìṣubú náà sílẹ̀ níbẹ̀. Ìṣòro tó kù ni bí n ó ṣe máa ṣubú bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo láìjẹ́ pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹrin, irọ́ ni gbogbo rẹ̀ ń pa. Mo tún ní láti gé ìdúró àkọ́kọ́ kù ní nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, kí n wé òṣùká tuntun, torí adìẹ ti sùn sínú ti tẹ́lẹ̀.